Ìlànà Iṣẹ́ fún Ẹni Tí Kì í Kí Èèyàn

Ilé kan ní Bódìjà la ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá kan ló kọ́ ọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ lọ sílùú òyìnbó, wọn ò padà wá, a sì háyà rẹ̀. Ilé ìdáná ni ọ̀gá wa fi ṣe ọ́fíìsì, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọlé dáadáa. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: "Olùdarí Àgbà fún Ìmọ̀, Ìṣẹ̀dá àti Ìyípadà." Bí ó bá ń bá àlejò sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ ọ̀la ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà, ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa kán tó, tó, tó, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá yìí jọ jáde ní yunifásítì ni, ìdí nìyẹn tí n kì í fi bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí mo mú bọ̀ láti yunifásítì ju gbogbo nǹkan lọ ni pé mo lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá láti òkèèrè, kí n sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rín kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń sanwó fún mi fún iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Iṣẹ́ wa kò díjú. Ìwé sáyẹ́ǹsì là ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní èdè Yorùbá. Àwọn kan á kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, èmi á tún un ṣe kí ọmọdé lè kà á láìsùn, Àlàájà á sì fi àmì ohùn sí i. Ọmọ ilé Mùsùlùmí àtijọ́ kan ní Ìbàdàn ni Àlàájà. Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Yorùbá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì gbà pé ẹnikẹ́ni mọ àmì fi sí ọ̀rọ̀ ju àwọn lọ. Bí a bá gbé ìwé ìkésíni wá síwájú wọn, wọ́n á mú bírò, wọ́n á fi àmì sí orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ, kí wọ́n tó wo ọjọ́ ìgbéyàwó.

Gbogbo iṣẹ́ wa wà nínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó máa ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ. Bí o bá ti tún ojú ìwé kan ṣe, wàá fi í wọlé, wàá sì kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tí o ṣe. Ohun tó bá ti wọlé kò lè sọnù mọ́. Bí ẹnì kan bá bà á jẹ́ lọ́la, a lè padà sí ti àná. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò bá tíì fi wọlé, orí kọ̀ǹpútà tí o ti ṣe é nìkan ló wà. Ètò náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì lè gbà á là.

Àlàájà kì í fi iṣẹ́ wọlé àfi tí ìwé bá parí pátá.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi í wọlé díẹ̀díẹ̀," ni aṣètò kọ̀ǹpútà wa máa ń bẹ̀ wọ́n. Obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni aṣètò yìí. "Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. N kì í gbé ìwé tó ṣì wà níhòòhò síta. Ìgbà tí mo bá wọ̀ ọ́ láṣọ tán, ẹ óò jọ rí i."

Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ nìkan ló so mọ́ ínfátà. Gbogbo wa là ń pín in lò, àmọ́ Àlàájà ló ni ín lọ́sàn-án, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún wọn. Kò sì sí ẹni tó lè wọ pálọ̀ yẹn láì kí wọn.

"Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo lẹ bá a dé?"

"Mo ti dé orí tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

A ò sì ní fọwọ́ kàn án. Ìkíni yẹn ló ń ṣọ́ iṣẹ́ tí kò tíì wọlé. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, a ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa gba AI kan. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè tí yóò kàn dáhùn. Èyí máa ń dá ṣiṣẹ́: ẹ gbé iṣẹ́ fún un, á ṣí fáìlì, á tún un ṣe, á fi í wọlé, á sì jábọ̀. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, á kọ́kọ́ ka ìwé ìlànà tí a bá kọ sílẹ̀ fún un nípa bí a ṣe ń lo ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà. Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn nìkan ló mọ̀ nípa wa.

Ọ̀gá ní kí èmi àti Àlàájà jọ kọ ìwé ìlànà náà. Ó fẹ́ kó jẹ́ irú èyí tí òun lè gbé lọ sí àpérò, ó sì ti ṣe àkọlé rẹ̀ sílẹ̀. Àkọlé ọ̀hún gùn débi pé èémí tán lára mi kí n tó kà á tán. Àlàájà kọ tiwọn ṣáájú. Kí n má parọ́, ìwé yẹn burú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ Yorùbá sílẹ̀, wọ́n gba AI níyànjú pé kí ó ní sùúrù, kí ó sì yàgò fún ìlara. Mo gbé e wá sí ìpàdé, mo dìde, mo sì fi ohùn tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé kà á.

"'Ẹni tó bá dé ibi iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ kí ẹni tó bá níbẹ̀. Kí ó béèrè ibi tí iṣẹ́ dé, kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.'" Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. "Àlàájà, ẹ̀rọ ni o! Ṣé kó dọ̀bálẹ̀ ni àbí kó kúnlẹ̀?"

Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Aṣètò kọ̀ǹpútà bo ẹnu.

"Máa rẹ́rìn-ín," ni Àlàájà wí. "Ìwọ oníyẹ̀yẹ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ lówó ọ̀yà lọ́run, torí o ti ń ṣe iṣẹ́ aláwàdà lófẹ̀ẹ́ láyé."

Àlàájà náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kúkúrú. Mo gé gbogbo ohun tí wọ́n kọ kúrò, ìlara, sùúrù, ìkíni, gbogbo rẹ̀ pátá. Mi ò yẹ ẹyọ kan wò bóyá ó yàtọ̀ sí ìkejì. Mo kọ tèmi ní ojú ìwé kan ṣoṣo, gbólóhùn tó wà lókè pátápátá sì nìyí: "Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, palẹ̀ mọ́: yọ gbogbo àtúnṣe tí kò bá tíì wọlé kúrò." Àṣẹ́kù iṣẹ́ tí AI fúnra rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn gan-an. Kò ní ọ̀ṣọ́, kò ní ìtẹríba. Mo kà á fún ìyàwó mi nílé wa ní Agbowó. Ó ní ó dà bí ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìyàgbẹ́ ọ́fíìsì. Mo gbà á bí oríyìn.

Ní àkókò yẹn, ojú Àlàájà ti ń ṣe wọ́n. Dókítà kan ní Ring Road ní nǹkan funfun ti bo ẹyinjú wọn ọ̀tún, pé òsì náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní wo kọ̀ǹpútà títí ojú méjèèjì yóò fi jiná. Ìwé kẹrin, tó jẹ́ pé àwọn ilé ìwé ń retí rẹ̀, ni Àlàájà fẹ́ parí kí ọjọ́ náà tó pé. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á ní, "Tí mo bá wọ ibẹ̀ tí mi ò jáde pẹ̀lú ojú mọ́ ńkọ́? Jẹ́ kí n fi èyí tó kù ṣe nǹkan gidi." Ojú ìwé díẹ̀ ló kù fún wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí Àlàájà tó dé, aṣètò kọ̀ǹpútà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà pálọ̀, ó ní kí AI tún nọ́ńbà àwọn àwòrán inú ìwé kẹrin tò. Iṣẹ́ kékeré ni. AI ka ìlànà mi, ó ṣe é, ó sì jábọ̀: "Mo ti palẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti sọ. Mo ti yọ àwọn àtúnṣe tí kò tíì wọlé kúrò. Mo ti tún nọ́ńbà àwọn àwòrán tò." Mo ń mu tíì nígbà tí mo ka ìjábọ̀ náà. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ wo Yorùbá tó já geere.

Àlàájà dé, wọ́n kí gbogbo wa, wọ́n jókòó. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí híjáàbù nù ún, wọ́n dá a padà. Wọ́n tún bọ́ ọ.

"Ìwọ oníyẹ̀yẹ́," ni wọ́n pè mí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. "Wá bá mi wo ibí yìí. Má pariwo. Ṣé àmì wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Mi ò rí ẹyọ kan," ni wọ́n wí. "Ṣé ojú mi ló ti lọ tán báyìí?"

Ìwé náà wà níhòòhò láti òkè délẹ̀. Ìjábọ̀ tí mo kà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́ padà sí mi lórí lódindi. Fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan, ó wù mí kó jẹ́ ojú wọn ni. Ó wù mí kí àmì wà níbẹ̀, kó jẹ́ pé àwọn ni wọn ò rí i mọ́, nítorí pé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ti fi ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé irú ẹni tó lè fẹ́ kí arúgbó fọ́jú nítorí gbólóhùn kan ni mí.

"Ojú yín kọ́, mà. Àmì ni kò sí níbẹ̀."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Alihamudu lilahi."

Wọ́n dúpẹ́ ná o. Lẹ́yìn náà ni ìyókù ọ̀rọ̀ tó wọ̀ wọ́n létí. "Báwo ni kò ṣe ní sí níbẹ̀?"

Aṣètò kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí wọ́n ń wá. Kò lè rí ohun tí ètò kò rí rí. Ọ̀gá jáde láti ilé ìdáná, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti rí orúkọ fún un kíákíá.

"Ìrànrán ni," ó ní. "AI máa ń ṣe ìrànrán. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ìpèníjà àgbáyé ni."

"Kò ṣe ìrànrán kankan," ni mo wí. "Ó ṣe ohun tí mo kọ."

"Rárá o. Ìwé tìrẹ dára. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní àpérò."

"Kí ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún?"

"Fún kíkúrú rẹ̀."

Àlàájà yí àga wọn padà sí wa. Wọn ò sunkún, wọn ò bú mi. "Ó ka ohun tí wọ́n kọ fún un, ó sì ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Mo fi gbogbo ayé mi wá akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò rí." Wọ́n mú báàgì wọn. Mo sin wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ takisí, wọ́n sì ń bi mí nípa ọmọ mi tó ní ibà lọ́sẹ̀ tó kọjá, bóyá ó ti ń jẹun. Ó ti ń jẹun.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Àlàájà ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú kí àwọn lè tún iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ọmọ wọn kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀gá ní kí AI kúkú fi àmì sí i. Àlàájà fi fóònù ránṣẹ́ pé bí ó bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú ìwé. Ló bá ku èmi. Mo wọ takisí lọ sílé wọn ní Akóbọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ojú títì, mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré mi há abẹ́ apá. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣí géètì.

"Ẹ̀yin ni AI náà?"

"Èmi ni mo kọ ìwé fún un."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ bọ́ bàtà yín. Bí ojú wọn bá ti ń ṣomi, ẹ ó máa lọ."

Àlàájà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n fi ike bo ojú ọ̀tún, wọ́n sì pa èyí tó kù dé. Iṣẹ́ wa ni pé kí n ka gbólóhùn kan, kí wọ́n pe é padà bó ṣe yẹ, kí n sì fi àmì sí i. Lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan, màá fi í wọlé lójú ẹsẹ̀. Àlàájà ń gbọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Yunifásítì wo lo sọ pé o lọ?"

Mo sọ fún wọn.

"Wọ́n ti ní tíṣà níbẹ̀ nígbà yẹn?"

Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá bú mi báyẹn. Bí wọ́n bá kàn ní "ó dáa", tí mo rí i pé ó rẹ̀ wọ́n, ìgbà yẹn ni àyà mi máa ń wúwo.

Mo ti tún ìwé ìlànà náà kọ, mo sì kà á fún wọn ní ọjọ́ kan tí a sinmi. Ó ti gùn. Mo ní kí AI jọ̀wọ́ ṣọ́ra, kí ó rántí pé iṣẹ́ èèyàn ni, kí ó má ṣe yára, kí ó béèrè kí ó tó ṣe èyí, kí ó béèrè kí ó tó ṣe tọ̀hún. Aṣètò kọ̀ǹpútà ti dán an wò. AI ọ̀hún kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ó béèrè bóyá kí òun ṣí fáìlì. Ó béèrè bóyá kí òun tì í.

Àlàájà tẹ́tí dópin.

"Ta lò ń bẹ̀ nínú ìwé yìí?"

"AI ni, mà."

"Irọ́ ni. Èmi lò ń bẹ̀. Kí ló kàn án? Òun ò mọ̀ pé o ṣẹ̀ mí. Sọ ohun tí ó máa ṣe fún un. Kí ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe?"

"Kó wò ó bóyá iṣẹ́ kan wà tí kò tíì wọlé."

"Kọ ọ́. Bí ó bá wà ńkọ́?"

"Kí ó má yọ ọ́. Kí ó dúró, kí ó sọ ohun tó rí, kí ó béèrè ẹni tó ni ín."

"Bí kò bá sí?"

"Kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ."

"Ó parí. Yọ gbogbo 'jọ̀wọ́' yẹn kúrò."

Mo yọ wọ́n. Ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrú tó ti àkọ́kọ́. Mo ti rò pé ohun tí mo ń kọ ìwé fún kò nílò ìwà wa nítorí pé kì í ṣe èèyàn. Òun gan-an ló nílò kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, nítorí kò sí ìyá tó kọ́ ọ nílé. Àwa là ń fi ẹnu kí ara wa, tí a fi ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òun, àfi kí ẹnì kan fi sùúrù tú ìkíni náà palẹ̀, kí ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín ni mo fi ṣe.

A ò parí. Ojú Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ọmọ wọn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó nawọ́ sí bàtà mi. Orí ìkẹyìn, orí omi, ló kù. Ilé ìtẹ̀wé kò lè dúró mọ́. Èmi nìkan ló fi àmì sí orí yẹn nílé ní Agbowó, tí mò ń ka gbogbo gbólóhùn sókè títí ìyàwó mi fi kó ọmọ lọ sí ilé kejì.

Nígbà tí àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ dé, páálí kún pálọ̀. Àlàájà ti ń ríran dáadáa, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sẹ́nu iṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n dókítà ò tíì gbà fún wọn láti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ń ya fọ́tò àwọn páálí. Àlàájà fa ẹ̀dà kan yọ, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, èmi náà sì dúró bí ọmọ tó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń ṣí i. Wọ́n dé orí omi, wọ́n rọra lọ, ìka wọn ń tẹ̀ lé ìlà. Ìka náà dúró.

"Tìẹ nìyí," ni wọ́n wí.

Àmì kan ṣoṣo ni. Ó yẹ kó jẹ́ ohùn òkè, mo fi ohùn ìsàlẹ̀ síbẹ̀.

"Ọmọdé ò ní mọ̀, Àlàájà," ni ọ̀gá wí láti ẹ̀yìn fóònù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Àlàájà mú bírò, wọ́n tún un ṣe lórí ìwé títẹ̀ náà, àmì wọn dúró gbọn-in. Wọ́n pa ẹ̀dà yẹn dé, wọ́n fà á sápá kan. Wọ́n wá na bírò náà sí mi, wọ́n sì fi ojú tuntun yẹn wo àwọn páálí tó kù.

Mo jókòó sílẹ̀, mo ya páálí àkọ́kọ́, mo wá ojú ìwé náà, mo fi àmì síbẹ̀, mo mú òmíràn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo ti ń mọ ibi tí ojú ìwé náà wà láì wo nọ́ńbà, ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

"Rọra," ni Àlàájà wí láti orí àga wọn. "Mo ń rí ọ báyìí."